Kí A Fún Àwọn Ọmọbìnrin Abúlé Ní Ìpín Tiwọn Nínú Pápá Eré



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lójú ẹni tí ó bá kà á kọjá kíákíá. Eré kírikẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti àwọn ọmọbìnrin tí ń ṣe é ní orúkọ orílẹ̀-èdè wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù bá mi dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀ràn iṣẹ́ wa gan-an ni. Ó kan wákàtí eré ìdárayá tí ó wà nínú ètò ọ̀sẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó kan ẹni tí a ń fi wákàtí náà fún àti ẹni tí a ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì kan àwa tí a ó di olùkọ́ ní àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ní ọjọ́ tí kò jìnnà mọ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ní ìlú Kuching tí ó wà ní Sarawak ní ilẹ̀ Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún pàdé àwọn ẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ New Zealand nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Nàìjíríà yóò dé ibẹ̀. Ní ti New Zealand, eré náà ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, àti pé oṣù mẹ́ta géérégé ṣáájú ọjọ́ náà ni àwọn àgbà obìnrin wọn gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tiwọn. Òjò rọ̀, a sì gé eré náà kúrú. Àwọn tiwa ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì kó àmì 65 jọ. Lillian Udeh mú 19 wá nínú rẹ̀, balógun wọn, Lucky Piety, sì mú 18 wá. Nígbà tí ó kù kí a ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí eré parí, àmì 9 péré ni New Zealand ń wá láti borí. A fi bọ́ọ̀lù lé Lillian Udeh kan náà lọ́wọ́. Àmì 6 ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nàìjíríà ní 65, New Zealand ní 63, eré sì parí.

Fún ẹni tí kò tíì rí eré yìí rí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ẹgbẹ́ méjì ni ń ṣe é, ẹni mọ́kànlá ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. A ó ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ìhà ìhín, a ó sì ri mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ìhà ọ̀hún, àárín wọn yóò jẹ́ yáàdì 22. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ pápá yóò ju bọ́ọ̀lù láti fi ba igi náà, láìjẹ́ pé ó ká apá tí ó sì tún nà án nígbà tí ó ń jù ú. Ẹni tí ó dúró níwájú igi yóò fi igi pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà dànù. Bí ó bá gbá a jìnnà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ tí ó wà ní ìhà ọ̀hún yóò sáré pàrọ̀ ipò. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pàrọ̀ ipò láìséwu, àmì kan di tiwọn. Bí bọ́ọ̀lù bá ba igi tí ó ń ṣọ́, tàbí bí alátakò bá fi ọwọ́ hán an kí ó tó kanlẹ̀, ó di dandan kí ó jáde kí ẹlòmíràn wọlé. Ìjù mẹ́fà mẹ́fà ni a ń kà, mẹ́fà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pè ní ófà. Ófà 13 ni òjò fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí mo sọ yìí. Ẹni tí ó bá ti ta àrìn rí nígbà èwe, tí ó to ọmọ àrìn sílẹ̀ tí ẹlòmíràn sì ń ta tirẹ̀ láti fi bà á, ti mọ apá kan eré náà ná. Ohun tí kírikẹ́ẹ̀tì fi kún un ni pé ẹnì kan dúró láti gbèjà ohun tí a tò.

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé Nàìjíríà kì í ṣe ìlú kékeré, àti pé kò yẹ kí ẹnu yà wá bí ó bá borí. Òótọ́ ni pé a pọ̀ ní iye. Ṣùgbọ́n nínú eré yìí, ẹni kékeré ni wá, nítorí pé ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ni a ti fi bọ́ọ̀lù náà lé lọ́wọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n kéré jù wá lọ ní gbogbo ọ̀nà, tí wọ́n sì ti ṣe ohun tí ó yani lẹ́nu. Ilẹ̀ Rwanda kò fẹ̀ tó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe ìdíje àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní ilẹ̀ South Africa, àwọn ọmọ Rwanda wà níbẹ̀. Wọ́n borí Zimbabwe. Lẹ́yìn náà wọ́n borí West Indies, tí orúkọ wọn nínú kírikẹ́ẹ̀tì ti kárí ayé kí a tó bí àwọn òbí ọ̀pọ̀ nínú wa. Níbi tí wọ́n ti ń bá Zimbabwe ṣeré, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Henriette Ishimwe ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀léra, ó sì lé ẹni mẹ́rin jáde.

Ẹ tún gbọ́ ti Vanuatu. Àwọn erékùṣù kan ni ó wà nínú òkun ńlá tí ó wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Australia. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ lápapọ̀ kò pọ̀ tó àwọn tí ó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ lókè yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 àwọn obìnrin wọn lọ sí Abu Dhabi láti du ipò nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Owó ọkọ̀ kò tó wọn, wọ́n ní láti bẹ àwọn olùfẹ́ eré kí wọ́n dá owó jọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n lé gbogbo àwọn obìnrin Zimbabwe jáde ní àmì 61, wọ́n sì borí wọn. Àwọn baba wa kò ṣì wí nígbà tí wọ́n sọ pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Kí ni ó sọ àwọn ẹni kékeré wọ̀nyí di ẹni tí a ń gbúròó? Ohun kan ni òfin. Títí di ọdún 2018, díẹ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè ni a ń ka eré kúkúrú àwọn obìnrin wọn sí eré orílẹ̀-èdè tòótọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún náà, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso kírikẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ayé pàṣẹ pé kí a kà á sí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ìbáà ṣe ńlá ìbáà ṣe kékeré. Àṣẹ yìí ni àwọn obìnrin Nàìjíríà wọlé lé lórí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n bá àwọn obìnrin Rwanda díje ní Abuja. Láti ọdún 2022 sì ni a ti ń pe àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà wá sí pápá Tafawa Balewa ní Èkó láti wá bá wọn díje.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè ju bọ́ọ̀lù. Ohun kejì ni ènìyàn. Rwanda kò sí lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí, kò sì bá kírikẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn tí ogun àti ìnúnibíni ti lé lọ sí Uganda, Kenya àti Tanzania, tí wọ́n padà wálé lẹ́yìn ìparun ńlá ọdún 1994, ni ó mú un bọ̀. Ní ọdún 1999 ni àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá owó láti fi ṣe pápá tí ó yẹ, balógun àwọn ọkùnrin wọn, Eric Dusingizimana, dúró ní ọdún 2016 ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí 51, kí aráyé lè yíjú sí wọn. Ní ọdún 2017 ni wọ́n ṣí pápá náà ní Gahanga lẹ́bàá Kigali. Ọdún mẹ́fà kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí àwọn ọmọbìnrin wọn fi borí West Indies. Ẹ kíyè sí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Irú àwa yìí ni wọ́n.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Kírikẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àlejò òní. Ní ọdún 1904 ni Èkó ti gba àwọn ará Gold Coast lálejò láti bá wọn ṣe eré yìí. Nígbà náà Èkó ṣì jẹ́ ìlú àmọ̀nà kékeré kan tí ó dá dúró, ọdún méjì ṣáájú kí a tó so ó pọ̀ mọ́ Southern Nigeria. Lẹ́yìn náà ni King's College bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1909, tí Government College sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1929. A mọ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì mọ́ kírikẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa sì ń sọ̀tàn rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì fi jọra: ilé-ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin ni wọ́n, inú ìlú ńlá ni wọ́n sì wà. Bọ́ọ̀lù náà ti wà ní Apátá láti ìgbà àwọn baba ńlá wa. Kò sí ẹni tí ó gbé e rìn dé Ẹ̀rúnmu, tàbí dé Bádékù, tàbí kí ó fi lé ọmọbìnrin lọ́wọ́ ní Ìjàyè.

Kí ni àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ń ṣe ní wákàtí eré? Ẹni tí ó bá ti jáde lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni nínú wa lè dá ìbéèrè yìí lóhùn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ abúlé tí a rán mi lọ, nígbà tí agogo eré bá lù ní ọ̀sán Ọjọ́rú, àwọn ọmọkùnrin a gba orí pápá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin a pín sí méjì: apá kan a gbálẹ̀ àyíká, apá kejì a gbé garawa lọ sí ìdí kànga láti pọn omi fún ilé àwọn olùkọ́. Kò sí ẹni tí ó pa á láṣẹ. Ó kàn ti di àṣà ni. Ní ọjọ́ kan mo rí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń bọ̀ láti ìdí kànga. Ó gbé garawa kalẹ̀, ó ṣa òkò kan, ó sọ ọ́ sí máńgòrò tí ó wà lókè pátápátá, ó sì ká a lulẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó mú máńgòrò rẹ̀, ó gbé garawa rù, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo rò pé bí ẹnì kan bá fún ọmọ yìí ní bọ́ọ̀lù kan àti igi mẹ́ta tí yóò máa fi bà, kì yóò pẹ́ kí ó tó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí, mo sì fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn kìn-ín-ní yóò wí pé ọmọbìnrin ní iṣẹ́ ilé, pé ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀ láti bá a po gàrí tàbí láti ru ẹrù lọ sí ọjà. N kò béèrè kí a gba wákàtí kan lọ́wọ́ ìyá ẹnikẹ́ni. Wákàtí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nínú ètò ilé-ẹ̀kọ́ ná. Ìjọba ni ó fi síbẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Àwa olùkọ́ ni a gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin, àwa náà ni ó sì yẹ kí a dá a padà fún wọn.

Àwọn kejì yóò wí pé eré ọkùnrin ni. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1745, ní pápá Gosden ní ẹkùn Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn omidan mọ́kànlá láti abúlé Bramley dojú kọ àwọn omidan mọ́kànlá láti abúlé Hambledon, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun. Hambledon ní àmì 127, Bramley sì ní 119. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọmọ abúlé ni wọ́n, àti pé abúlé sí abúlé ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí ó sì di ọ̀rọ̀ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, àwọn obìnrin ni ó kọ́kọ́ ṣe tiwọn ní ọdún 1973. Ọdún méjì lẹ́yìn wọn ni àwọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tiwọn. Nínú àwọn tí ó díje ní ọdún 1973 náà ni Jamaica àti Trinidad àti Tobago wà, tí wọn kì í ṣe ìlú ńlá.

Àwọn kẹta yóò bẹ̀rù nítorí aṣọ. Nínú àwọn abúlé wa, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó jẹ́ Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdílé Kírísítẹ́nì pẹ̀lú kò fẹ́ kí ọmọ wọn wọ aṣọ tí ó ṣí ara sílẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú kírikẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá ni àwọn obìnrin ń wọ̀. Abtaha Maqsood, tí ń ju bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Scotland, a máa fi ìborí rẹ̀ bo orí nígbà tí ó bá wà lórí pápá, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó ṣí i. Ní New Caledonia, ilẹ̀ kékeré kan tí ó wà lábẹ́ àwọn Faransé, aṣọ gígùn aláràbarà tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ àwọn ìyá ńlá wọn láti máa wọ̀ ni àwọn obìnrin ń wọ̀ ṣe kírikẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ìyá tí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun wọ ìró àti ṣòkòtò pọ̀ kò ní ìdí láti sọ pé rárá.

Àwọn kẹrin yóò wí pé eré òyìnbó ni. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ta ni ó bí i ní Ìbàdàn? Ohun tí a bá mú wọlé, tí a sì tún ṣe bí ó ti bá ilé wa mu, ti di tiwa. Àwọn ará Samoa gba kírikẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n sọ ọ́ ní kilikiti, wọ́n gbẹ́ igi tiwọn tí ó ní ojú mẹ́ta, wọ́n fi ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wọn we bọ́ọ̀lù, tọkùnrin tobìnrin sì ń ṣe é pẹ̀lú orin àti ijó. Kò sí ohun tí ó dí wa lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ wa sì máa kọrin fún ẹgbẹ́ wọn bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe tẹ́ńtẹ́n.

Àwọn karùn-ún, tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ, yóò béèrè ibi tí owó yóò ti wá. Ìdáhùn mi ni pé ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. A kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pápá Gahanga. Igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gùn ju ínṣì 38 lọ, kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju ínṣì mẹ́rin àti ìdá mẹ́rin ínṣì lọ. Káfíńtà abúlé èyíkéyìí lè gé e láti ara pákó arère, tí ó fúyẹ́ tí kò sì ni ọwọ́ ọmọ lára. Igi mẹ́ta tí a ó rì mọ́lẹ̀ kò ju ínṣì 28 lọ ní gíga, ọ̀pá ni. Bọ́ọ̀lù rọ́bà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí: bọ́ọ̀lù aláwọ líle kò yẹ kí ó dé ọwọ́ ọmọ kankan tí kò tíì ní ìbòrí líle àti ohun ààbò ẹsẹ̀. Ní ti ojú ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù yóò ti máa ta, àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ bí a ti ń lu ilẹ̀ yàrá tí yóò fi dán kò nílò olùkọ́. Kí wọ́n fi amọ̀ pupa lu yáàdì 22 fún wa, yóò gún.

Nítorí náà, ohun tí mo ń dábàá rèé. Kí àwọn olùkọ́ wa tí ń kọ́ wa ní eré ìdárayá fi kírikẹ́ẹ̀tì kún ohun tí gbogbo wa, ọkùnrin àti obìnrin, gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó jáde. Kí olúkúlùkù wa gbẹ́ igi kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà, kí ó sì gbé e lọ sí ibi tí a bá rán an lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni. Kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń bọ̀. Kí wákàtí eré di ti ọmọkùnrin ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ó di ti ọmọbìnrin ní ọ̀sẹ̀ kejì, tàbí kí a pín pápá sí méjì. Kí gbígbá ilẹ̀ àti pípọn omi sì di ti gbogbo ọmọ ní ìdọ́gba. Bí ó bá sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣẹ́ oko ti dẹwọ́, kí ilé-ẹ̀kọ́ kan láti inú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jọ ní ọjọ́ Sátidé kan: kí Mọ́níyà pàdé Lálúpọn, kí Ẹgbẹ́dá pàdé Àkànràn, kí àwọn tí ó borí sì pàdé ara wọn. Ófà márùn-ún ti tó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá lè gé eré àgbáyé kúrú nítorí òjò ní Kuching, a lè gé tiwa kúrú kí àwọn ọmọ lè tètè délé.

Olùkọ́ tí ó bá gbọ́n yóò tún rí i pé ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń kọ àmì sílẹ̀ ní láti ro ó pọ̀, kí ó yọ ọ́ kúrò, kí ó sì pín in. Àmì 9 ni a ń wá, ìjù mẹ́fà ni ó kù: mélòó ni kí a gbà nínú ìjù kọ̀ọ̀kan? Ọmọ tí ìdáhùn náà kò yé ní kíláàsì yóò tètè yé e nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ pàdánù.

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ kí a lọ máa ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé gbogbo wọn yóò wọ ẹ̀wù Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ń tàn án jẹ ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì yóò kúrò ní Ìbàdàn nítorí eré yìí. Àwọn ọmọ Rwanda àti àwọn ọmọ tiwa tí ó lọ sí Kuching rí olùkọ́, wọ́n rí pápá, wọ́n rí ọkọ̀ tí ó gbé wọn. Gbogbo ìyẹn kò sí ní ọwọ́ wa. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ wa kéré, ṣùgbọ́n ó dájú. A lè mú kí ọmọbìnrin kan dúró níwájú igi mẹ́ta kí a sì wí fún un pé tirẹ̀ ni láti gbèjà, kí ẹnikẹ́ni má sì rán an níṣẹ́ títí àyè rẹ̀ yóò fi pé. A lè mú kí ó jẹ́ balógun lórí ẹni mẹ́wàá, kí ó pinnu ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù nígbà tí nǹkan bá le, kí ó sì ru ẹrù ìpinnu náà bí ó bá yọrí sí òfò. Ọmọ tí ó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kì yóò gbàgbé. Bí ó bá sì di àkókò tí àwọn kan nínú ilé yóò máa sọ pé ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ ti tó, ó lè ti mọ bí a ti ń dúró níwájú ohun tí í ṣe tirẹ̀.

Ilé ni a ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Àwọn tí ó borí New Zealand ní àmì méjì kò kọ́ ọ ní Kuching. Ibì kan wà ní Nàìjíríà tí ẹnì kan ti kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù lé wọn lọ́wọ́, tí ó sì fún wọn ní àyè lórí pápá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a ó gba ìwé-ẹ̀rí wa, a ó sì fọ́nká sí oríṣiríṣi abúlé. Agogo eré yóò lù ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọmọkùnrin yóò sáré gba orí pápá, àwọn ọmọbìnrin yóò sì nawọ́ sí garawa gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kò sí ọ̀gá àgbà tàbí aṣojú ìjọba tí yóò wà níbẹ̀ nígbà náà. Olùkọ́ nìkan ni yóò wà níbẹ̀, òun ni yóò sì sọ bóyá kí wọ́n gbé garawa náà tàbí kí wọ́n gbé e kalẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ti pinnu ohun tí a ó sọ láti ìsinsìnyí lọ.